Ìwé Ìrìnnà Thailand: Ìdí Tí Ọ̀nà Àlejò Fi Là Ju Ti Òṣìṣẹ́ Lọ

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìpè kan gba orí ìtàkùn ayélujára kan ní orílẹ̀-èdè Thailand: àwọn ènìyàn ń rọ ara wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ná owó ìgbafẹ́ rẹ̀ sí Gúúsù Kòríà mọ́. Ogun kò ṣẹlẹ̀ láàrin orílẹ̀-èdè méjèèjì, kò sì sí àjàkálẹ̀ àrùn tó ń lé wọn. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé ọ̀pọ̀ wọn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, wọ́n ti sanwó ilé ìtura, wọ́n sì ti gba ìyọ̀ǹda orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Kòríà ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbà. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Incheon, àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n á mú wọn wọ yàrá kan, wọ́n á da ìbéèrè bò wọ́n nípa iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé àti owó tó wà lọ́wọ́ wọn, ọkọ̀ tó ń padà sí Bangkok ni wọ́n á sì fi wọ́n sí. Bẹ́ẹ̀ rèé, bí a bá wo ohun tó wà nínú ìwé, ọmọ Thailand kò nílò físà rárá láti wọ Kòríà. Àdéhùn tó wà láàrin ìjọba méjèèjì láti ọdún 1981 ti fún un ní ọjọ́ 90.

Ọ̀rọ̀ náà kò lè yé ẹni tó bá gbà pé ohun kan náà ni ẹ̀tọ́ láti ṣe àbẹ̀wò àti ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́. Ìwé ìrìnnà Thailand kì í ṣe ìwé tí kò lágbára. Nǹkan bí 80 orílẹ̀-èdè àti agbègbè ló ń gba ẹni tó mú un dání wọlé láì jẹ́ pé ó kọ́kọ́ lọ tò sí iwájú ẹ́ḿbásì, èyí sì ju ohun tí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lè ṣe fún ẹni tó ni ín lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n àlejò tó wá náwó ni wọ́n ṣí púpọ̀ nínú àyè náà sílẹ̀ fún. Àyè ti ẹni tó fẹ́ fi agbára rẹ̀ wá owó kéré, ó ní iye tí wọ́n máa ń gbà lọ́dún, ó ní ìdánwò àti ọjọ́ orí tí kò gbọdọ̀ kọjá, ó sì máa ń pẹ́ kó tó yọrí. Èrò tèmi ni pé àlàfo tó wà láàrin ọ̀nà méjèèjì yìí ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà tí àwọn ọmọ Thailand ń rí nílẹ̀ òkèèrè, nítorí ẹni tí ọ̀nà òṣìṣẹ́ bá há mọ́ yóò gba ọ̀nà àlejò wọlé, bó bá sì yá, àlejò tòótọ́ ni wọn yóò fi ojú olè wò.

Ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀

Ìpìlẹ̀ òmìnira ìrìnnà ọmọ Thailand wà ní àdúgbò tirẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú ASEAN, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà, fọwọ́ sí àdéhùn kan ní ọdún 2006 pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè wọ òmíràn láì gba físà fún ọjọ́ 14, púpọ̀ nínú wọn sì ti sọ ọ́ di ọjọ́ 30 láàrin ara wọn. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn àdéhùn tí Thailand bá orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe tún wà: Bràsíl, Ajẹntínà, Chile àti Peru fún wọn ní ọjọ́ 90 gẹ́gẹ́ bí Kòríà ti ṣe, Rọ́ṣíà sì fún wọn ní ọjọ́ 30. Èyí tó ṣe pàtàkì jù láìpẹ́ yìí ni ti Ṣáínà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí ìwé ní Bangkok, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún náà, ọmọ Thailand bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Ṣáínà, ọmọ Ṣáínà sì ń wọ Thailand, láì sí físà, fún ọjọ́ 30 lẹ́ẹ̀kan, bí àpapọ̀ rẹ̀ kò bá ti ju ọjọ́ 90 lọ láàrin ọjọ́ 180. Iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ kò sí nínú ohun tí àdéhùn náà fàyè gbà.

Ti Japan ló fi agbára irú àyè báyìí hàn jù lọ. Títí di ìdajì ọdún 2013, ọmọ Thailand tó fẹ́ wo òdòdó ìgbà ìrúwé ní Tokyo tàbí yìnyín ní Hokkaido gbọ́dọ̀ kó ìwé báńkì àti ìwé ibiṣẹ́ rẹ̀ lọ gba físà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún náà, Japan mú físà kúrò fún ẹni tí kò ní lò ju ọjọ́ 15 lọ. Nǹkan bí 260,000 ni àwọn ará Thailand tó lọ sí Japan ní ọdún 2012. Ní ọdún 2019, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù kan àti 300,000. Taiwan náà ṣe irú rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìdánwò ni wọ́n ṣe é, tí wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ń múra ìrìn àjò síbẹ̀ gbọ́dọ̀ wò ó bóyá wọ́n ti sọ ti ọdún yẹn dọ̀tun kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Yúróòpù ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dun ìjọba Thailand jù. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Thailand kéde pé àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè 93 lè wọlé sọ́dọ̀ òun fún ọjọ́ 60 láì gba físà, àwọn ará Yúróòpù sì pọ̀ nínú wọn. (Nàìjíríà kò sí nínú àwọn 93 náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń rò ó.) Àmọ́ ọmọ Thailand tó bá fẹ́ wọ Paris tàbí Berlin ṣì ní láti gba físà Schengen, ìyẹn físà kan tó kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Srettha Thavisin, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, gbé ọ̀rọ̀ yìí ka iwájú àwọn olórí Faransé àti Jámánì nígbà tó ṣe àbẹ̀wò sí wọn ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ó sì béèrè pé kí Yúróòpù mú físà kúrò fún àwọn ènìyàn òun. Kò sì yani lẹ́nu pé kò rí i gbà kíákíá. Bí Yúróòpù bá ń wo irú ìbéèrè báyìí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni iye àwọn tó wá pẹ̀lú físà ìgbafẹ́ tí wọn kò padà, àti iye àwọn tí wọ́n bá lẹ́nu iṣẹ́ tí físà wọn kò gbà láyè.

Gúúsù Kòríà àti àwọn iwin kékeré

Àwọn ará Thailand fúnra wọn ń pe ọmọ ilẹ̀ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Kòríà láì ní ìwé ní phi noi, èyí tí í ṣe iwin kékeré. Láàrin nǹkan bí 200,000 ọmọ Thailand tó wà ní Kòríà ní ọdún 2023, nǹkan bí 140,000 ni kò ní ìwé tó pé mọ́, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní irú ipò yẹn ní Kòríà pọ̀ tó ti Thailand. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé kò ṣòro láti mọ̀: wọ́n lo ọjọ́ 90 tí àdéhùn ọdún 1981 fún wọn, wọn kò sì padà sílé nígbà tó pé.

Ohun tó ń fà wọ́n hàn gbangba nínú ìṣirò. Ní ọdún 2024, owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ tí òfin Kòríà gbà jẹ́ won 9,860 fún wákàtí kan, èyí tó ń lọ sí won mílíọ̀nù méjì ó lé díẹ̀ fún oṣù kan tí ènìyàn bá fi gbogbo ara ṣiṣẹ́. Bí a bá ṣẹ́ ẹ sí owó Thailand, ó lé ní 50,000 baht. Ní Thailand lọ́dún kan náà, owó ojúmọ́ tó kéré jù lọ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wà láàrin 330 sí 370 baht, nítorí náà ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 kò lè rí tó 10,000 baht. Àgbẹ̀ onírẹsì láti agbègbè Isan, ìyẹn ìhà àríwá-ìlà-oòrùn tí ọ̀gbẹlẹ̀ àti gbèsè ti pọ̀, kò nílò ẹni tí yóò ṣe àlàyé fún un. Àwa náà ti ń pè é ní jápa, a sì mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí aládùúgbò bá fi owó òkèèrè kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ ilé ẹni.

Ọ̀nà tó bófin mu wà o. Láti ọdún 2004 ni Kòríà ti dá ètò kan sílẹ̀ fún gbígba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè, tí wọ́n ń pè ní EPS, Thailand sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́fà tó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ìjọba pẹ̀lú ìjọba ló ń ṣe é, kò sí àyè fún alágbàtà aládàáni, èyí sì ni ohun tó dára jù nínú rẹ̀, nítorí owó tí òṣìṣẹ́ ń san kéré. Ẹni tó bá fẹ́ físà E-9, ìyẹn físà òṣìṣẹ́ ti ètò yìí, gbọ́dọ̀ wà láàrin ọdún 18 sí 39, ó gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò èdè Kòríà, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ le, lẹ́yìn náà ni wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kan tí àwọn agbanisíṣẹ́ Kòríà ti ń mú ẹni tí wọ́n fẹ́. Yíyege kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti dé ọwọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n yege tí ẹnikẹ́ni kò mú wọn. Ẹni tí wọ́n bá mú lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì lè fi ọdún kan àti oṣù mẹ́wàá kún un, nínú iṣẹ́ ilé ìṣelọ́pọ̀, iṣẹ́ ilé kíkọ́, iṣẹ́ oko àti irú wọn. Kò lè mú ìyàwó tàbí ọmọ dání, kò sì lè fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wù ú.

Ẹ wá wo àwọn tí ètò yìí yọ sílẹ̀. Obìnrin ẹni ọdún 45 tó ní ọmọ méjì ní yunifásítì kò lè gba ibẹ̀ rárá. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ìfọwọ́wọ́ra ti Thailand, tí gbogbo ayé ń yìn, kò lè gba ibẹ̀, nítorí òfin Kòríà sọ pé àwọn afọ́jú nìkan ló lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ ìfọwọ́wọ́ra. Síbẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ìfọwọ́wọ́ra tó ń pe ara rẹ̀ ní ti Thailand kún ìgboro Kòríà, àwọn obìnrin Thailand ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kò sí físà kankan lábẹ́ ọ̀run tó bá iṣẹ́ yẹn mu. Nígbà tí oníbàárà bá wà, tí ọ̀gá bá wà, tí owó bá wà, tí físà nìkan kò bá sí, ẹni tí a ó dá lẹ́bi kì í ṣe obìnrin náà nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n máa ń dá padà.

Ìjọba Kòríà kò fagi lé àdéhùn ọdún 1981. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé ìdènà tuntun sí iwájú rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ló bẹ̀rẹ̀ K-ETA, ìyọ̀ǹda orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àlejò tí kò nílò físà gbọ́dọ̀ gbà kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú, tí owó rẹ̀ jẹ́ won 10,000. Erékùṣù Jeju kò kọ́kọ́ sí lábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, àwọn tó rí i pé ojú ọ̀nà yẹn ṣì ṣí sílẹ̀ ya lọ síbẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n dá iye tó ju ìdajì àwọn ará Thailand tó balẹ̀ sí Jeju padà lẹ́nu ọ̀nà, láìpẹ́ sí i ni wọ́n sì fi Jeju náà sábẹ́ K-ETA. Nígbà tí Kòríà tún yọ àwọn orílẹ̀-èdè 22 kúrò lábẹ́ ìyọ̀ǹda yìí fún ìgbà díẹ̀ láti fa àlejò mọ́ra, Thailand kò sí nínú wọn. Ìdí nìyí tí ìbínú oṣù Kẹwàá ọdún 2023 fi gbóná tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe iwin kékeré. Òṣìṣẹ́ báńkì, olùkọ́ àti ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn orin Kòríà ni wọ́n.

Irú nǹkan yìí ń ṣẹlẹ̀ ní ẹnubodè Malaysia pẹ̀lú, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ohùn kò fi bẹ́ẹ̀ ròkè. Àwọn Mùsùlùmí láti Pattani, Yala àti Narathiwat ní gúúsù Thailand, tí wọ́n ń sọ èdè Malay nílé, ni wọ́n ń dáná nínú àwọn ilé oúnjẹ tom yam (ọbẹ̀ Thailand kan) tó wà káàkiri Malaysia. Ọ̀pọ̀ wọn ń wọlé bí àlejò, wọ́n á padà wá sí ẹnubodè lóṣooṣù kí wọ́n lè tẹ òǹtẹ̀ tuntun, wọ́n á sì tún padà síbi iṣẹ́. ASEAN ní àdéhùn láti gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ara wọn nínú iṣẹ́ mẹ́jọ, lára wọn iṣẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹnjiníà àti ìṣirò owó, ṣùgbọ́n bíríkìlà àti àgbẹ̀, tí àwọn gan-an ń kọjá ẹnubodè jù, kò sí níbẹ̀.

Oko Ísírẹ́lì

Ọ̀nà mìíràn tó bófin mu ni ti iṣẹ́ oko ní Ísírẹ́lì. Ṣáájú kí ìjọba tó dá sí i, àwọn alágbàtà ló ń ṣe ètò náà, owó tí òṣìṣẹ́ ń san kó tó wọ ọkọ̀ sì pọ̀ débi pé gbogbo iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni yóò fi san gbèsè. Thailand àti Ísírẹ́lì fọwọ́ sí àdéhùn kan ní ọdún 2010 tó gba iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn alágbàtà, owó náà sì wálẹ̀ gidigidi. Ẹni tó bá rí físà yìí gbà lè ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ padà sílé.

Nǹkan bí 30,000 ọmọ Thailand ló wà lórí ètò yìí ní Ísírẹ́lì, púpọ̀ nínú wọn ọkùnrin láti Isan, nígbà tí Hamas, ẹgbẹ́ ológun láti Gaza, kọlù ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè náà ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Àwọn oko tó súnmọ́ Gaza ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ó kéré tán, ọmọ Thailand 39 ló kú lọ́jọ́ náà, wọ́n sì jí àwọn tó lé ní 30 gbé. Mẹ́tàlélógún nínú wọn rí ìtúsílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, márùn-ún mìíràn ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2025. Ìjọba Thailand fi ọkọ̀ òfurufú kó àwọn tó lé ní 7,000 padà wálé láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kọ̀, wọ́n ní gbèsè tí àwọn jẹ kò jẹ́ kí àwọn lè padà. Nígbà tí àyè ṣófo nínú oko, Ísírẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í gba òṣìṣẹ́ láti Sri Lanka, Íńdíà, àti Malawi níbí ní Áfíríkà. Nígbà tó ṣe, àwọn ará Thailand tún ń padà lọ.

Mo mú ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì wá nítorí pé ó fi hàn pé físà tó bófin mu nìkan kò tó. Ìwé àwọn ọkùnrin náà pé pérépéré. Ohun tí kò sí ni ọ̀nà láti kúrò lóko kan lọ sí òmíràn tó jìnnà sí ààlà láì kọ́kọ́ rí ọ̀gá mìíràn, àti owó lọ́wọ́ tí yóò jẹ́ kí ènìyàn lè sọ pé òun ń lọ sílé.

Èso igbó ní àríwá Yúróòpù

Lọ́dọọdún, láti oṣù Keje títí di oṣù Kẹsàn-án, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Thailand, ọ̀pọ̀ wọn láti ìpínlẹ̀ Chaiyaphum, máa ń lọ ká èso igbó kéékèèké nínú igbó Finland àti Sweden. Sweden fi wọ́n sábẹ́ ìwé àṣẹ iṣẹ́ pẹ̀lú owó tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ san bó ti wù kí èso pọ̀ tàbí kí ó má pọ̀. Finland ní tirẹ̀ máa ń fún wọn tẹ́lẹ̀ ní físà Schengen, ìyẹn físà àlejò, ó sì kà wọ́n sí oníṣòwò tó ń dá dúró. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀gá, kò sí owó oṣù tó kéré jù lọ, kò sí wákàtí iṣẹ́ tó ní ìwọ̀n. Nígbà náà, òṣìṣẹ́ ló ń san owó ọkọ̀, owó físà, owó ibùsùn àti owó epo ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sínú igbó, ọ̀pọ̀ ìgbà láti inú owó tó yá ní báńkì àwọn àgbẹ̀. Bí èso kò bá so dáadáa lọ́dún kan, gbèsè ni yóò gbé dé ilé.

Ní ọdún 2024, ìjọba Finland kéde pé òun kò ní fún àwọn tó ń ká èso igbó ní físà Schengen mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wá gbọ́dọ̀ wá gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tó ní agbanisíṣẹ́, pẹ̀lú ìwé àṣẹ iṣẹ́ ìgbà-dé-ìgbà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kan ní Lapland dá olórí ilé iṣẹ́ kan àti alágbàtà ọmọ Thailand kan lẹ́bi ẹ̀sùn fífi ènìyàn ṣòwò, lórí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 60. Iye àwọn tó ń lọ dínkù lẹ́yìn ìyípadà yìí, àwọn kan ní Chaiyaphum sì ń kédùn pé wọ́n ti gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Èmi kò lè bá wọn jiyàn lórí àìní wọn, ṣùgbọ́n ìyípadà yẹn ti pẹ́ kó tó dé.

Ìwọ̀-oòrùn: kí físà tó dé ọwọ́

Ní ti àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá ti Ìwọ̀-oòrùn, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí ọmọ Nàìjíríà ti mọ̀ dunjú. Físà Schengen di Euro 90 ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, pẹ̀lú ìwé adójútòfò tó tó Euro 30,000 àti ẹ̀rí pé ènìyàn ní ohun tí yóò mú un padà sílé. Amẹ́ríkà ń gba dọ́là 185 fún ìbéèrè físà àbẹ̀wò, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀; nínú gbogbo ASEAN, Singapore àti Brunei nìkan ni Amẹ́ríkà yọ̀ǹda fún láti wá láì gba físà.

Àwọn àyè kan wà tí ọmọ Thailand ní tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀. Àdéhùn ọ̀rẹ́ àti òwò tí Thailand bá Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1966 jẹ́ kí oníṣòwò àti olùdókòwò láti Thailand lè béèrè fún físà E-1 tàbí E-2, èyí tí ọmọ Nàìjíríà kò lè béèrè nítorí pé orílẹ̀-èdè wa kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń lo físà J-1 láti lọ ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi gígùn ní àwọn ilé ìtura àti ọgbà eré ní Amẹ́ríkà. Australia ní físà iṣẹ́ àti ìsinmi fún ẹni ọdún 18 sí 30 tó kàwé dé ìwọ̀n kan tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Iye kan pàtó ni wọ́n ń gbà lọ́dún, ẹni tó bá sì yára ló ń rí i. Ti New Zealand kò ju 100 lọ lọ́dún. Àwọn àdéhùn òwò tí Thailand bá Australia àti New Zealand ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005, ṣí àyè fún àwọn alásè oúnjẹ Thailand tó ní ìwé ẹ̀rí.

Ọ̀nà ìgbéyàwó náà kò ṣeé fojú fò, nítorí pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Thailand tó ń gbé Jámánì àti Sweden. Jámánì ń béèrè lọ́wọ́ ìyàwó tàbí ọkọ tó ń bọ̀ láti Thailand pé kí ó kọ́kọ́ yege ìdánwò èdè Jámánì ti ìpele A1, ìyẹn ìpele ìbẹ̀rẹ̀, kí físà tó jáde. Ní Bírítéènì, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025 gbé ìwọ̀n ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní sókè fún físà òṣìṣẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn alásè tuntun tí àwọn ilé oúnjẹ Thailand ti ń mú wá. Òfin kan náà ló fòpin sí mímú olùtọ́jú arúgbó wá láti òkèèrè, èyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní London àti Manchester kò tíì gbàgbé.

Ohun tí òfin Thailand fúnra rẹ̀ wí

Gbígba físà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ń lọ jẹ́ apá kan. Thailand náà ní tirẹ̀. Òfin ọdún 1985 tó ń dáàbò bo ẹni tó ń wáṣẹ́ mọ ọ̀nà márùn-ún péré tí ọmọ Thailand lè gbà lọ ṣiṣẹ́ lókèèrè. Ó lè lọ nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ agbanisíṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ìjọba. Ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lè rán an lọ, bó ṣe rí fún Kòríà àti Ísírẹ́lì. Ó lè wá iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kó sì lọ fi tó ìjọba létí. Ilé iṣẹ́ tó ti ń bá ṣiṣẹ́ lè mú un dání lọ síbi iṣẹ́ lókèèrè, tàbí kí ó rán an lọ kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá gba ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí lè di ọmọ ẹgbẹ́ àpò ìrànwọ́ kan pẹ̀lú owó tí kò ju 300 sí 500 baht lọ, àpò náà yóò sì ran òun tàbí ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́ bí ó bá fara pa, bí ó bá kú, tàbí bí ogun bá lé e wálé. Ẹni tó lọ bí àlejò kò sí nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí alágbàtà kan bá sọ fún ènìyàn pé kó kọ́kọ́ lọ pẹ̀lú àyè ìgbafẹ́, pé wọn yóò bá a yí i padà sí ìwé iṣẹ́ nígbà tó bá débẹ̀, irọ́ ni fún Kòríà, irọ́ ni fún Taiwan, irọ́ ni fún Ísírẹ́lì pẹ̀lú. Físà òṣìṣẹ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Thailand, pẹ̀lú ìwé àdéhùn iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ kí ènìyàn tó gbéra.

Japan ló kù tí ojú gbogbo ènìyàn ń wò báyìí. Láti ọdún 1993 ni ó ti ń gba àwọn ọ̀dọ́ láti Éṣíà wọlé lórúkọ ìkọ́ṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n sì so wọ́n mọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo débi pé ẹni tí ìyà bá jẹ kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó sá lọ, kó sì di ẹni tí kò níwèé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni ó fi físà òṣìṣẹ́ onímọ̀ pàtó kún un, tí ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ọdún márùn-ún, tí ìpele kejì sì fàyè gba ìyàwó àti ọmọ. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Japan wá ṣe òfin kan ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 tí yóò fi ètò mìíràn rọ́pò ti ìkọ́ṣẹ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2027. Lábẹ́ èyí tuntun, òṣìṣẹ́ tó bá ti lo ọdún kan sí méjì, tó sì mọ èdè àti iṣẹ́ rẹ̀ dé ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀, lè kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn nínú irú iṣẹ́ kan náà. Ọ̀dọ́ Udon Thani tàbí Khon Kaen ní Isan tó ń kọ́ èdè Japan lọ́wọ́ ní láti béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó fẹ́ rán an lọ pé abẹ́ ètò wo ni wọn yóò kọ orúkọ òun sí, ti àtijọ́ tàbí ti tuntun, kí ó sì rí ìdáhùn náà nínú ìwé àdéhùn kó tó fọwọ́ sí i.